Google Sheets fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: SUM, COUNT àti COUNTA kì í ṣe ọ̀kan náà

Google Sheets, irinṣẹ́ orí ẹ̀rọ tí a fi ń kọ nǹkan sínú àtẹ tí ó sì ń bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀, ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kéékèèké kọ́kọ́ lò fún àkọsílẹ̀ owó, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àkáǹtì Google, akápò àti alága sì lè máa wo ìwé kan náà lórí fóònù wọn bí akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pàṣẹ fún un jọra púpọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn lè gbé ìṣirò tí kò péye síwájú ìpàdé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá kan tí oníkálukú ń dá 5,000 náírà lóṣù. Àwọn mẹ́jọ ti san, a sì kọ 5000 síwájú orúkọ wọn. A kọ "kò tíì san" síwájú ẹnì kan, a sì fi àyè ẹni kẹwàá sílẹ̀ lófìfo. SUM yóò ro owó náà pọ̀, yóò sì mú 40,000 wá. COUNT kò bìkítà nípa bí owó ṣe pọ̀ tó. Àyè tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ nìkan ni ó ń kà, nítorí náà 8 ni ìdáhùn rẹ̀. COUNTA ní tirẹ̀ ń ka gbogbo àyè tí ohunkóhun bá wà nínú rẹ̀, yóò sì sọ pé 9, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti ka ẹnì kan tí ó jẹ gbèsè mọ́ àwọn tí ó san. AVERAGE, tí ó ń pín àròpọ̀ owó sí iye àwọn nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀, yóò sọ pé 5,000, ṣùgbọ́n bí a bá kọ òdo sí àyè àwọn méjì yòókù, yóò di 4,000, nítorí pé nọ́ńbà ni òdo, àyè òfìfo kì í ṣe nọ́ńbà.

Àléébù Google Sheets tí ó dùn mí jù ni pé bí akọ̀wé bá kọ "5000 náírà" sí àyè kan, ọ̀rọ̀ lásán ni yóò kà á sí, SUM yóò fò ó, yóò sì mú 35,000 wá láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n: apá ọ̀tún ni nọ́ńbà máa ń fara tì, ọ̀rọ̀ a sì máa fara ti apá òsì.

Èkejì ni pé ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ó ti ń fi àròpọ̀ àwọn àyè tí a bá yàn hàn, ohun tí wọ́n pè ní Count níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ COUNTA, Count Numbers ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ COUNT. Kò yẹ kí orúkọ kan náà máa jẹ́ ohun méjì nínú irinṣẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ti COUNTIF àti SUMIF, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ tako. Bí a bá fún wọn ní orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, èkíní yóò sọ iye ìgbà tí ó mú owó wá, èkejì yóò sọ iye owó náà lápapọ̀, akápò yóò sì lè dá ọmọ ẹgbẹ́ náà lóhùn lójú ẹsẹ̀ bí ó bá béèrè ohun tí òun ti dá láti oṣù Ṣẹ́rẹ́.