Kíláàsì Lárúbáwá orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tíṣà ará Palẹsítínì: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ Ìkòròdú tẹ́ ẹ ti ń bi mí látìgbà wàlímọ̀tù pé níbo lọmọ mi ti gbọ́ Lárúbáwá tó ń sọ lẹ́nu yẹn, ó yá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè sinmi.

Kíláàsì orí fóònù ni o. Ẹni tó ń kọ́ ọ kì í ṣe àfáà, kì í sì í ṣe ará Sáúdí, ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé ọdún 25 ni, ará Palẹsítínì tí wọ́n bí sí àgọ́ ogúnléndé Burj al-Barajneh ní Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì. Àwọn kan ló ṣètò ẹ̀, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ ogúnléndé jọ, wọ́n ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ́ni lédè, wọ́n á wá fi wọ́n pàdé àwa oníbàárà. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí torí ẹjọ́ wọn wà lẹ́nu mi díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ líǹkì kó wá bá mi ní ínbọ́ọ̀sì.

Ọmọ mi ti ń lọ ilé-kéwú láti kékeré, ní Ìta-Ẹ̀lẹ́wà níbí, ó mọ Kùránì kà dáadáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó fi Lárúbáwá béèrè omi mímu lọ́wọ́ yín, á kàn máa wò yín lójú ni. Mi ò dá àfáà lẹ́bi o, iṣẹ́ tá a gbé fún wọn ni wọ́n ṣe, ká mọ̀ ọ́n kà, ká mọ̀ ọ́n fi kírun. Sísọ ọ́ lẹ́nu ló kù, òun náà la sì ń wá kiri tá ò rí.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó tì wọ́n, mo ń retí kí tíṣà mú ìwé jáde. Kò mú ìwé kankan jáde. Ó ní kọ́mọ gbé fóònù lọ sí kíṣíìnì, kó máa fi nǹkan hàn òun níkọ̀ọ̀kan, kó sì máa sọ ohun tá a fi ń ṣe. Ìkòkò, síbí, àlùbọ́sà, àwọn yẹn rọrùn. Ó wá dórí gàrí, gbogbo nǹkan dúró. Tíṣà ní kí lèyí, ọmọ mi ò mọ ohun tó máa pè é, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ ọ̀hún, èyí ní ṣé ìyẹ̀fun ni, tọ̀hún ní rárá, ó ní hóró nínú, inú ilẹ̀ la ti ń wú u, wọ́n á rin ín, wọ́n á yan án, èèyàn lè da omi tútù sí i kó tún fi ṣúgà àti ẹ̀pà sí i, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọmọ tí ò lè béèrè omi ti ń fi Lárúbáwá jágbajàgba ṣàlàyé bá a ṣe ń mu gàrí fún ará Beirut. Tíṣà ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá. Ó kàn ń kọ gbogbo ibi tó ti ṣì í sílẹ̀, ìgbà tọ́mọ sọ̀rọ̀ tán ló tó wá tò wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lọ́kàn mi ti balẹ̀ pé ọmọ yìí mọṣẹ́, torí èmi náà ti ṣe tíṣà lẹ́sìnnì rí, mo mọ bó ṣe máa ń wù wá tó láti já lu ọmọ.

Ìkejì tó wú mi lórí ni ti lẹ́tà inú ọ̀fun yẹn, èyí tí gbogbo àwa Yorùbá máa ń pè bí h lásán. Ó ní kọ́mọ wá dígí kékeré, kó gbé e súnmọ́ ẹnu, kó mí sí i láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bí ìgbà téèyàn fẹ́ nu awò ojú, kí ooru bo dígí náà, ó ní kó fi àárín mímí yẹn sọ lẹ́tà ọ̀hún. Wọ́n ṣe é títí, ó jáde. Ó wá di eré inú ilé, ọmọ gbé dígí ka bàbá ẹ̀ mọ́ orí àga, ọkọ mi fẹ́ títí tí ikọ́ fi mú un.

Àfáà wa fúnra wọn wá jókòó sí kíláàsì yẹn lọ́jọ́ kan, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yẹ ọmọbìnrin náà wò ni. Wọ́n fi Lárúbáwá ìwé kí i, èyí tó rinlẹ̀ gan-an, ó fi irú ẹ̀ dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó tún sọ báwọn ṣe ń sọ ọ́ nílé tiwọn fọ́mọ gbọ́, ó ní kó mọ méjèèjì, ti ìwé fún ìwé kíkà, ti ẹnu fún ọjà. Nígbà tí àfáà dìde, wọn ò sọ pé ó dáa tàbí kò dáa, wọ́n kàn ní, "Ìyá Aríkẹ́, èló lẹ̀ ń san?"

10 dọ́là ni wákàtí kan. Mo mọ̀ pé ẹ ti pariwo. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó lẹ́sìnnì àdúgbò wa lọ fíìfíì, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé kò dun àpò mi, torí ẹ̀ la fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àmọ́ ọmọ méjì lè jókòó pọ̀ síwájú fóònù kan, owó kan náà ni, wọn ò fi kún un.

Ọmọ mi ló bi í léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ará Palẹsítínì tó sì ń gbé Lẹ́bánónì. Bàbá bàbá ẹ̀ ló sá kúrò ní Gálílì nígbà ogun 1948 tí wọ́n fi dá Ísírẹ́lì sílẹ̀, àwọn ará Palẹsítínì tó lé ní 700,000 ló kúrò nílé lọ́dún yẹn, látìgbà náà ni wọ́n ti wà ní Burj, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n lójú òfin. Iṣẹ́ ìnjíníà ló wù ú. Àmọ́ ní Lẹ́bánónì, iṣẹ́ ìnjíníà, iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ lọ́yà, gbogbo ẹ̀ lẹgbẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀ kẹ́ ẹ tó lè ṣe é, ará Palẹsítínì ò sì lè wọ̀ ọ́. Òfin ọdún 2001 tún wà tí ò jẹ́ kí wọ́n ra ilé tàbí ilẹ̀ lórúkọ ara wọn. Àwa tá à ń fi ọmọ onílẹ̀ Ìkòròdú ṣẹ̀sín lójoojúmọ́, ó kéré tán wọ́n á gbowó lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó yọ wá lẹ́nu.

Ibi tó ti kàwé ni mo wá bi í. Ilé ìwé UNRWA ni, láti pámárì dé sẹ́kọ́ńdìrì. Àjọ UN tó ń bójú tó àwọn ogúnléndé Palẹsítínì ni UNRWA, ìparí 1949 ni wọ́n fọwọ́ sí i, May 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì wà ní Lẹ́bánónì, Jọ́dánì, Síríà, Gásà àti Wẹ́sìtì Báǹkì. Kí ogun Gásà tó bẹ̀rẹ̀ ní October 2023, ilé ìwé ẹ̀ lé ní 700, àwọn ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ lé ní 500,000. Wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin kọ́ṣẹ́ iná ní Siblin, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNRWA tó ti wà ní Lẹ́bánónì láti 1961. Ìwé ò wọ́n wọn jù, èrò tèmi nìyí, ohun téèyàn máa fi ìwé ṣe tó bá kà á tán ni wàhálà. Owó UNRWA gan-an sì ti ń já láti January 2024, nígbà tí Ísírẹ́lì fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ kan pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ìkọlù tí Hamas ṣe sí Ísírẹ́lì ní October 7, 2023, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì dáwọ́ owó dúró. Àwọn kan ti padà, Amẹ́ríkà tí owó tiẹ̀ pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ ò padà.

Ìdí nìyẹn tí kíláàsì orí fóònù fi jẹ́ iṣẹ́ gidi fún irú wọn. Kò sí ẹgbẹ́ tí wọ́n máa wọ̀, kò sí ẹni tó máa béèrè páálí, oníbàárà lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ságámù. Dọ́là ni owó ẹ̀ sì ń jẹ́, ẹ má sì gbàgbé pé láti 2019 tí báńkì Lẹ́bánónì ti há owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ tówó ìlú wọn sì já wálẹ̀ pàtàpàtà, dọ́là ọwọ́ lowó níbẹ̀.

Ti iná ńkọ́? Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́. Wọ́n máa ń mú iná lọ́dọ̀ wọn náà bíi tiwa, ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni wọ́n ń sanwó oṣù fún, ampere ni wọ́n fi ń tà á, bí owó yín bá ṣe mọ lampere yín ṣe ń mọ. Ó gbé fóònù sí fèrèsé hàn wá, wáyà iná àti páìpù omi so kọ́ra wọn lókè títí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú ọ̀run, omi ẹ̀rọ wọn sì níyọ̀, wọ́n ń ra ti mímu lọ́tọ̀ ni. Síbẹ̀ kì í pẹ́ dé kíláàsì. Kódà lọ́jọ́ ìsémọ́ ọdún Mágbó ní Ìkòròdú níbí tí gbogbo àwa obìnrin wà nílé, kíláàsì lọ bó ṣe yẹ, òun ló ń béèrè ìdí tí ìta wa fi dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi sì ṣàlàyé ìwọ̀nba tóbìnrin lè ṣàlàyé.

Ó yá, ẹ jẹ́ n rojọ́ mi.

Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ò gba káàdì náírà. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, owó ò ní lọ, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ló ń bá mi san án báyìí, ẹni tí ò bá léèyàn lókè òkun tàbí dómù, ìyẹn àkáǹtì dọ́là, á jìyà díẹ̀. Èkejì ni ti aago. Wákàtí kan ni Lẹ́bánónì fi ṣáájú wa, àmọ́ ìparí March wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú, á wá di wákàtí méjì, ètò wọn ò sọ fún oníbàárà kankan, tíṣà jókòó dè wá títí, wọ́n sì gba owó kíláàsì yẹn. Mo kọ̀wé sí wọn, lẹ́tà ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú ni mo gbà, mi ò rí owó.

Nígbà ogun Ísírẹ́lì àti Hezbollah ní ìparí 2024, tí bọ́ǹbù ń bọ́ sí apá gúúsù Beirut, ìtòsí àgọ́ wọn gan-an, ọmọbìnrin náà sá lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn ní Trípólì, ti Lẹ́bánónì o, kì í ṣe ti Líbíà. Kíláàsì dúró. Ètò ò sọ nǹkan kan fún wa, òun fúnra ẹ̀ ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun wà láàyè, pé ká má bínú nítorí lẹ́sìnnì. Lẹ́sìnnì kẹ̀! Wọ́n ò jẹ owó ìgbà yẹn ṣá, wọ́n sún un síwájú.

Èyí tó bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀. Ẹ débi tẹ́ ẹ ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀, àwòrán ilé wíwó àti ọmọ tó ń sunkún lẹ máa kọ́kọ́ rí, kò síbi kankan tí wọ́n ti sọ pé tíṣà yìí mọ̀ ọ́n kọ́. Bẹ́ẹ̀ mélòó nínú 10 dọ́là yẹn ló ń dé ọwọ́ ẹ̀? Mo béèrè. Wọ́n ní "èyí tó pọ̀ jù". Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe iye. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere bí wọ́n ṣe kọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi gbọ́ ìtàn ẹ̀ nígbà Ramadan, àánú ṣe é, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí sàráà. Ọmọbìnrin náà dúpẹ́ gan-an, ó wá ní ṣé wọn ò lọ́mọ tó fẹ́ kọ́ Lárúbáwá ni. Ó ní tí wọ́n bá fi owó yẹn ránṣẹ́, ó tán nìyẹn, àmọ́ tí wọ́n bá fi ọmọ sí i, òun níṣẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì lè sọ fún ẹlòmíì. Ibi tí èmi náà dúró sí nìyẹn. Tó bá jẹ́ torí àánú lẹ ṣe fẹ́ wọlé, oṣù kejì ló máa rẹ̀ yín. Ẹ wọlé torí pé tíṣà yìí dáa, torí ó dáa lóòótọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni, mo fún un ní márùn-ún nínú márùn-ún. Àwọn tó ń ṣètò, méjì àtààbọ̀, ààbọ̀ yẹn sì jẹ́ torí wọn ò jẹ owó ogun. Dátà ẹ̀ ò kéré, ẹ lo wáífáì tẹ́ ẹ bá ní, kẹ́ ẹ sì ra íápíìsì fọ́mọ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín bá ń ké bíi tèmi.

Àárọ̀ Sátidé ẹ̀ ti kún, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ló ṣẹ́ kù, ìyàwó àbúrò ọkọ mi sì ti gba ọ̀kan nínú ẹ̀ fọ́mọ ẹ̀ méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá máa kọ̀wé sí wọn, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé aago wo ni wọ́n ń lò.