Súwíìṣì kékeré tó sọ headset di odi: àgbéyẹ̀wò tẹlifóònù ọ́fíìsì oníwáyà

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ta fóònù yìí ni mo bá sọ̀rọ̀ nípa headset rẹ̀, èyí tí à ń dé sórí, tó ní maiki lẹ́nu àti sípíkà létí. Ẹni kẹta nìkan ló béèrè ohun tó yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ ti béèrè.

Ìṣòro rẹ̀ rèé: mò ń gbọ́ ẹni tó pè dáadáa, òun ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Ó ké "Hẹ́lò" títí, ó sú u, ó pa fóònù. Mo gbé ọwọ́ fóònù, èyí tí à ń gbé sétí, mo fi pè é padà, a gbọ́ra wa yékéyéké.

Ọwọ́ fóònù yìí kan náà ni mo fi pe àwọn tó tà á. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n yẹ láìnì wò bóyá ó ti kú. Láìnì tí à ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀! Ó tún ní kí n yọ wáyà ògiri, kí n ka ení dé ẹ̀wá, kí n tì í padà. Mo yọ ọ́, ìpè já, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà. Ẹni kejì ní kí n fi kún ohùn. Bọ́tìnnì ohùn kò kan ohun tó ń jáde lẹ́nu mi, ohun tí mò ń gbọ́ ló ń darí. Ó wá ní kí n pààrọ̀ wáyà lílọ́, èyí tó so ọwọ́ fóònù mọ́ ìdí rẹ̀, tí kò bá headset tan rárá. Ìdájọ́ rẹ̀: headset ti bàjẹ́, kí n dá a padà.

Ẹni kẹta ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rojọ́ tán. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà wo ni súwíìṣì ara wáyà headset yín wà?" 1 ni. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì headset, kí ẹ máa sún súwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sọ̀rọ̀." Ní 2, ó ń kùn bí oyin. Ní 3: "Mo ti gbọ́ yín báyìí."

Ìwé inú páálí ò sọ ọ́, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wáyà tín-ín-rín 4 ló wà nínú ẹnu RJ9 tí headset ń lò: 2 fún maiki, 2 fún sípíkà etí. Àwọn tó ń ṣe fóònù ò fẹnu kò lórí èyí tó máa wà láàárín àti èyí tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lè wọ ihò wẹ́kú, kí wáyà inú sì ṣìnà. Irú maiki yìí ń fẹ́ iná díẹ̀ láti inú fóònù. Tí iná ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, odi ni. Súwíìṣì ló ń tún wáyà wọ̀nyẹn tò. Kí ẹ tó sún un, ẹ bu ohùn kù, torí ó lè han síni létí.

Láti ìgbà náà, mi ò ní ẹjọ́ kankan lórí ohùn rẹ̀. Ihò headset dá dúró, nítorí náà bọ́tìnnì kan la ó tẹ̀, a ò ní máa gbé ọwọ́ fóònù sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi maiki sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ní ìwọ̀n ìka méjì, kó má bàa gba èémí. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù, RJ11, ti ògiri ni. Ẹ fi súwíìṣì T/P ara fóònù, tó ń yan ọ̀nà tí nọ́ńbà tí ẹ tẹ̀ ń gbà jáde (T ni tone, ìró; P ni pulse, ìjá iná léraléra), sí T. Tó bá wà ní P, ẹ̀rọ tó ń sọ pé "tẹ 1" ò ní gbọ́ yín. Tí íntánẹ́ẹ̀tì DSL bá wà lórí láìnì kan náà, ẹ fi fílítà, èyí tó ń ya ariwo íntánẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ohùn, sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo ò ní tán. Ẹ má sì ki wáyà fóònù yìí bọ ihò láìnì ẹ̀rọ ọ́fíìsì tó jẹ́ dígítà, fóònù lè jóná.

Wáyà headset kúrú, fóòmù etí rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ.

Máàkì: 4 nínú 5.