VPN tàbí Tor: ta ló ń rí ọ?

VPN àti Tor jẹ́ ọ̀nà méjì tí èèyàn lè gbà fi ara pamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. VPN, tó ń gba inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan gbé ọ̀rọ̀ rẹ kọjá, ló yára jù, òun ló sì rọrùn jù. Ẹni tó ń ta dátà fún ọ kò ní mọ ìkànnì tí o lọ mọ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ VPN mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ibi tí o ti wá. Wọ́n lè búra pé àwọn kì í tọ́jú àkọsílẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Tor, tó ń gba inú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ kọjá, kì í fi gbogbo àṣírí lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ó máa ń fi kóòdù bo ọ̀rọ̀ ní ìpele mẹ́ta bí èèpo àlùbọ́sà, kọ̀ǹpútà mẹ́ta á sì máa bó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíní mọ̀ ọ́, kò mọ ibi tí ò ń lọ. Ìkẹta mọ ibi tí ò ń lọ, kò mọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tó fi ń falẹ̀.

Síbẹ̀, bí ìkànnì kò bá lo HTTPS (ìlànà tó ń fi kóòdù bo ọ̀rọ̀ láàárín ìwọ àti ìkànnì), kọ̀ǹpútà ìkẹta lè ka ohun gbogbo. Ẹni tó bá sì ń ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà náà pọ̀ lè fi àkókò so wọ́n mọ́ra. Lílo Tor fúnra rẹ̀ kì í sábà pamọ́: ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ Harvard kan gba orí Tor fi ìhàlẹ̀ bọ́ǹbù ránṣẹ́. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, torí íntánẹ́ẹ̀tì yunifásítì náà ló lò, ó sì hàn níbẹ̀ pé ó wọ Tor.

Fún Wi-Fi ìta gbangba, VPN tó. Ẹni tó fẹ́ tú àṣírí ìjọba fún oníròyìn, Tor ni kó lò, kó má sì wọ Facebook rẹ̀ níbẹ̀.