Ilé físíò tí bàámi ń lọ: wọ́n mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó gbé ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù lọ lẹ́yìn ọsibítù, ìbéèrè tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi yín ni kí ẹ fi mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ iṣẹ́. Níbi tí bàámi ti ń ṣe físíò, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n, ìwé àyẹ̀wò ọpọlọ ni àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gbà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí iṣan ló bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ. Ti dídí ló wọ́pọ̀ jù. Òun náà ló mú bàámi, lápá òsì ọpọlọ, ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bá rọ, tí ọ̀rọ̀ sì há sí wọn lẹ́nu.

Obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀ ni mo gba tiẹ̀ jù. Àwọn tó ń wá kí wa ti ń pariwo sí bàámi létí bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Obìnrin yìí kó ife, síbí àti kọ́kọ́rọ́ síwájú wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Wọ́n mú un láìṣì. Ó ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n pè é ní síbí, wọ́n sì mirí fúnra wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òye pé, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló bàjẹ́. Ó wá dá orin tí wọ́n mọ̀, bàámi bá a gbè é, ọ̀rọ̀ orin ń jáde geere! Omi bọ́ lójú mi.

Wọn kì í sì í fa ọwọ́ tó rọ gbé aláìsàn dìde, torí oríkèé èjìká lè yẹ̀. Wọ́n kọ́ àwa ará ilé náà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí tiẹ̀ kan apá ọ̀tún ọpọlọ: ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ò fọ́, ṣùgbọ́n á jẹ oúnjẹ apá ọ̀tún àwo tán, á ní kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ti apá òsì ṣì wà níbẹ̀. Apá òsì yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí bá a sọ̀rọ̀, kó lè máa yíjú síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn ló bí mi nínú. Bàámi á ṣàdédé bú sẹ́kún, wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín láìsí ohun ẹ̀rín. Nígbà tó yá, wọn ò fẹ́ jẹun, wọn ò fẹ́ dìde. Òṣìṣẹ́ kan ní ọ̀lẹ ni. Dókítà tí a rí níbòmíràn ló là wá lọ́yẹ̀: ẹkún òjijì yẹn, ọpọlọ tó farapa ló ń fà á, àìfẹ́dìde yẹn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ló sì ń bá a fínra. Méjèèjì ló ní ìtọ́jú.

Bàámi ṣì ń lọ síbẹ̀, mo sì lè júwe ibẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá físíò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé ta ló ń rí sí ọkàn aláìsàn níbẹ̀, kí wọ́n fi ẹni náà hàn yín.