Páàdì DualSense: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, àfi ánálọ́ọ̀gì

Nínú gbogbo páàdì géèmù tí ọwọ́ mi ti bà láti ayé PS2, mi ò tíì rí èyí tí mo fẹ́ràn tó DualSense tó bá PS5, ẹ̀rọ géèmù PlayStation tí Sony ṣe, wá. Mo tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀ nígbà tí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ibi tó ti le ọ̀hún kò pọ̀, ẹyọ kan ni. Àmọ́ ẹyọ kan náà, ìyẹn ánálọ́ọ̀gì, ọ̀pá kékeré tí a ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún láti darí eré, ló wà lábẹ́ àtàǹpàkò wa láti ìgbà tí rẹfirí bá ti fọn fèrè títí eré á fi parí.

Ká kọ́kọ́ wo bó ṣe rí lójú. Nígbà tí Sony gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbá géèmù sọ ni pé wọ́n ti lọ wo iṣẹ́ Xbox, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft. Ó fẹ̀, ó sanra níbi ìdìmú, funfun àti dúdú ni wọ́n sì pa pọ̀ sí i lára, bẹ́ẹ̀ dúdú ni DualShock 4 tó bá PS4 wá ní 2013, tí ojú wa ti mọ́. Ẹni tó bá gbé méjèèjì dání lẹ́ẹ̀kan náà á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́: DualShock 4 wọn tó gíráàmù 210, DualSense wọn tó 280. Ìwúwo yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ó máa ń jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́, ọmọńdinrín náà sì ti rí ibi sinmi lé, torí apá ìdìmú rẹ̀ gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní pírámárì kò gbà pẹ̀lú mi ṣá. Kí ìka rẹ̀ tó dé R2, bọ́tìnnì tó wà lókè lẹ́yìn páàdì lápá ọ̀tún, àfi kó sún ọwọ́ sókè, bó bá sì ti sún un, àtàǹpàkò rẹ̀ á kúrò níbi tó yẹ kó wà. DualShock 4 ló máa ń bèèrè fún tó bá wá kí mi. Mi ò lè bá a jiyàn. Ọwọ́ àgbà ni wọ́n fi wọn páàdì yìí.

Ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó lójoojúmọ́ kò tíì fiyè sí. Ẹ gbé e súnmọ́ iná, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ohun tó ń ṣe sákásàkà lábẹ́ ìka yẹn, àwọn àmì mẹ́rin PlayStation ni: X, róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, tí wọ́n ṣe wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò mọ́ ara wọn kí páàdì má baà yọ̀ mọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn lọ́wọ́. Ẹ fi èékánná ha á díẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún. Inú mi máa ń dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Àyípadà tó ga jù wà nínú rẹ̀. Láti orí DualShock àkọ́kọ́ ní 1997, mọ́tò kékeré méjì ló máa ń wà nínú páàdì Sony tó bá ń gbọ̀n, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, irin tó wúwo sápá kan á wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Bí mọ́tò bá ń yí, irin náà á máa ju ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, páàdì á sì máa gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí gbogbo gbígbọ̀n fi jọra: bọ́ǹbù bú, gìrìgìrì, ọkọ̀ kọlu ògiri, gìrìgìrì kan náà. Nínú DualSense, wọ́n yọ mọ́tò wọ̀nyẹn kúrò, wọ́n fi kọ́ìlì irú èyí tó ń ti páálí inú sípíkà rọ́pò wọn. Ó lè ta wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òsì kó rìn dé ọ̀tún. Astro's Playroom, tó máa ń wà nínú PS5 láti ilé iṣẹ́, ni kí ẹ fi dán an wò. Bí róbọ́ọ̀tì kékeré inú rẹ̀ bá ń rìn lórí irin, ọwọ́ yín á mọ̀ pé irin ni. Tó bá bọ́ sórí iyanrìn, ẹ ò nílò ojú kí ẹ tó mọ̀. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lé e lórí, mo di páàdì náà mú, mo di ojú, ó ń ta mí lọ́wọ́ tó, tó, tó, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù.

R2 àti L2 tó wà lápá òsì, àwọn tí wọ́n ń pè ní trigger, náà kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Sípíríǹgì lásán ló wà lábẹ́ wọn látijọ́. Báyìí, mọ́tò kékeré kan pẹ̀lú jíà oníkẹ́ẹ̀kẹ́ wà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, tó lè dí ìka lọ́nà, tó lè mú bọ́tìnnì le, tó sì lè jẹ́ kó máa jà lábẹ́ ìka. Àwọn kan ní ṣekárími ni. Mi ò gbà, torí mo ti rí ibi tó ti wúlò. Nínú Gran Turismo 7, L2 ni búréèkì. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jù, tí táyà fẹ́ há, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára L2, ẹ ó sì rọra dẹ ìka kí ọkọ̀ tó kúrò lójú ọ̀nà. Nínú Returnal, tí ẹ bá tẹ L2 dé àárín, ó dúró, ẹ ó máa fi wo ẹni tí ẹ fẹ́ yìnbọn sí; tí ẹ bá ti ìka kọjá ibi tó ti dúró yẹn, ohun ìjà kejì ló ń múra sílẹ̀. Bọ́tìnnì kan, iṣẹ́ méjì, láìwo ọwọ́ yín rárá. Kò sí páàdì tó ṣe èyí fún mi rí.

Ẹ wá dé ilé géèmù, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ní èyí tí mo máa ń lọ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nípa òjò orí páànù. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n wá gbá. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa trigger yẹn ná. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dí mi lọ́wọ́." Ó sì mọ ohun tó ń sọ. R2 ni wọ́n fi ń sáré nínú EA FC, L2 ni wọ́n fi ń bo bọ́ọ̀lù, ìka kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí méjèèjì. Nígbà tí PS5 dé, NBA 2K21, géèmù bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n, mú kí R2 máa le sí i bó bá ti ń rẹ agbábọ́ọ̀lù. Lójú ẹni tó ń gbá géèmù fún ìgbádùn, ó dára gan-an. Lójú ẹni tó ti fi owó sílẹ̀, tí àwọn mẹ́ta mìíràn sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń retí kó fìdí rẹmi kí ipò kàn wọ́n, ìyọnu ni. Ohun tí Sony ṣe dáadáa níbẹ̀ ni pé wọ́n gbé agbára rẹ̀ lé wa lọ́wọ́: ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Accessories, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè dín gbígbọ̀n àti líle trigger kù tàbí kí ẹ pa wọ́n pátápátá. Èmi máa ń pa á tí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù, mo sì máa ń tan án padà fún géèmù tó ní ìtàn nínú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọ̀dẹ̀ torí ọ̀kan nínú méjèèjì.

Mo mọ àwọn tó máa ń sọ pé kí ni ariwo wa lè ṣe fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ti ṣe é rí. Níbi àfihàn géèmù E3 ọdún 2005, Sony gbé páàdì PS3 kan hàn tó tẹ̀ kọdọrọ, àwọn ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ Boomerang, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò sì dé ọjà láéláé. Sixaxis tí wọ́n tà dípò rẹ̀ ní 2006 kò gbọ̀n rárá. Ẹjọ́ wà láàárín Sony àti ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Immersion lórí ẹ̀tọ́ ìmọ̀ gbígbọ̀n náà. Wọ́n yanjú rẹ̀ ní 2007, DualShock 3 tó ń gbọ̀n sì dé. Páàdì Xbox àkọ́kọ́ ní 2001 tóbi débi pé Duke ni wọ́n ń pè é. Kékeré tí Microsoft ṣe nítorí Japan ló padà gba ipò rẹ̀ kárí ayé.

Ti bátìrì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 1,560 mAh ló wà nínú rẹ̀, ti DualShock 4 jẹ́ 1,000, ṣùgbọ́n kọ́ìlì àti mọ́tò inú trigger ń jẹ iná, kò sì pẹ́ tó bí nọ́ńbà yẹn ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ rò. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni wáyà: type-C ni. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, wáyà fóònù tí ẹ fi ń ṣáàjì ti tó, pawa báǹkì náà sì lè ṣe é nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, kí páàdì ti kún kí wọ́n tó mú un dé.

Máìkì wà nínú rẹ̀, bọ́tìnnì tí ẹ ó fi pa á sì wà lábẹ́ àmì PS, yóò tàn bí ọsàn tó pọ́n tí ẹ bá ti pa á. Ẹ pa á o, tí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹni tí ẹ ń bá gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ ohun gbogbo tó ń lọ nínú ilé yín. Wọ́n yọ àwọ̀ kúrò lára àwọn bọ́tìnnì mẹ́rin, èyí kò dùn mọ́ mi, torí àwọ̀ ni mo fi ń kọ́ ọmọdé. Èyí tó burú jù nínú àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni pé DualShock 4 kò lè gbá géèmù PS5; géèmù PS4 nìkan ló lè gbá lórí rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ní ilé géèmù, tó ti kó páàdì PS4 jọ rẹpẹtẹ.

Ó wá ku ánálọ́ọ̀gì. Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àtàǹpàkò yín wà lókè, síbẹ̀ difẹ́ńdà yín ń rìn kúrò nípò rẹ̀. Páàdì ti ń fà nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ńjíníà kan tó ń tún páàdì ṣe tú ánálọ́ọ̀gì páàdì àlòkù kan lójú mi kí n lè rí ohun tó ń fà á. Ó fi ṣọ́ńṣọ́ irin já ìdérí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà dúdú kan tó ká bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ló wà níbẹ̀, kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi kùn ún, èékánná irin tín-ín-rín sì ń yí lórí rẹ̀ bí ẹ bá ti ń ti ánálọ́ọ̀gì. Ibi tí irin yẹn gbà kọjá ti họ, ìyẹ̀fun dúdú sì ti ṣù sí etí rẹ̀. Iná tó ń gba orí kábọ́ọ̀nù yẹn ni páàdì fi ń mọ ibi tí àtàǹpàkò wà. Bó bá ti họ, ìṣirò á yẹ̀, géèmù á rò pé ẹ ń ti nǹkan.

Irú ohun kan náà ló wà nínú DualShock 4. Irú rẹ̀ ló wà nínú páàdì Xbox pẹ̀lú, nítorí náà kì í ṣe Sony nìkan ni mo ń bá wí. Ṣùgbọ́n Sony ló ní òun tún páàdì rò láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2021, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí PS5 dé ọjà, àwọn kan ti gbé wọn lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà mìíràn wà tó ti pẹ́: Dreamcast, ẹ̀rọ géèmù tí Sega ṣe ní 1998, fi òòfà mọ ibi tí ánálọ́ọ̀gì dojú kọ, nǹkan kan kò fara ha nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó lè fi jíà sẹ́yìn R2 kí n lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé búréèkì ń há, kò lè sọ fún mi pé òòfà ni kò ṣeé fi síbẹ̀.

Wọ́n gbé DualSense Edge jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023, dọ́là 199.99. Odidi ánálọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣeé yọ, dọ́là 19.99 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan nígbà náà, bọ́tìnnì sì wà lẹ́yìn páàdì náà. Mo lo ti ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Àmọ́ kábọ́ọ̀nù náà ló ṣì wà nínú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì kéré sí ti DualSense tí a mọ̀. Ẹ ṣírò owó yẹn sí náírà kí ẹ wò ó. Fún ẹni tó bá ń gbá géèmù jẹun, mo lè gbà. Fún àwa yòókù, DualSense lásán ni kí ẹ rà, kí ẹ sì mọ ẹ̀ńjíníà tó mọwọ́ léèdì, torí wọ́n jó ánálọ́ọ̀gì rẹ̀ mọ́ pátákó ni, kò ṣeé fà yọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ìbátan mi kan ra ọ̀kan: páálí rẹ̀ mọ́ lóló, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kò sí àmì wẹ́wẹ́ kankan, R2 rẹ̀ kò sì le rárá nínú Astro's Playroom. Bí kò bá sí PS5 lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ tẹ bọ́tìnnì Create àti PS pọ̀ títí iná á fi máa ṣẹ́jú kíákíá, ẹ so ó mọ́ fóònù yín nípasẹ̀ Bluetooth, kí ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn ojú-ìwé tó ń yẹ páàdì wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yí ánálọ́ọ̀gì méjèèjì dé etí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Tí kò bá padà súnmọ́ òdo kó dúró jẹ́ẹ́, ẹ ní kó mú òmíràn wá.