Kọ́bọ́ọ̀dù irin tàbí séèfù: èwo ni kí ẹ fi pa ìbọn mọ́ ní Texas?

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, Katy, Dallas àti agbègbè wọn tí ẹ ti ra ìbọn, tàbí tí ẹ fẹ́ rà á, ibi tí ẹ máa kó o sí ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Oríṣi mẹ́ta ni owó ọ̀pọ̀ wa ká: kọ́bọ́ọ̀dù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ lè rí rà ní $150 sí $300, séèfù tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí $1,000, àti àpótí kékeré tí ìbọn ìléwọ́ kan tàbí méjì ń wọ̀. Mo ti ní kọ́bọ́ọ̀dù rí, séèfù ni mo ń lò báyìí. N kò ní sọ ti àwọ̀ rẹ̀ tàbí iná tó ń tàn nínú rẹ̀, ẹ ó rí ìyẹn lára páálí. Ti iye ìbọn tó ń wọ̀ ọ́, gbólóhùn kan tó: bí wọ́n bá kọ 24 sí i lára, tí ìbọn yín sì ní awò lórí, ẹ fọkàn sí bí ìdajì iye yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ti ọmọdé kúrò nílẹ̀. Òfin Texas sọ pé bí ẹnì kan bá fi àìbìkítà fi ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ti lè tó o, tí ọmọ náà sì rí i mú, ẹni náà ti ṣẹ̀. Bí ọmọ náà bá yìn ín tí ẹnì kan kú tàbí tó fara pa gidigidi, ẹ̀ṣẹ̀ náà tó ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Fún èyí, kọ́bọ́ọ̀dù tó, bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò bá sí nínú dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Séèfù náà tó. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé, ọgbọọgba ni wọ́n.

Olè ló pín wọn níyà.

Gauge ni wọ́n fi ń díwọ̀n irin níbí, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ṣe ń kéré sí i ni irin ń nípọn sí i. 18 gauge kò ju mìlímítà 1.2 lọ. 14 gauge jẹ́ 1.9, 12 gauge jẹ́ 2.7, 10 gauge jẹ́ 3.4, 7 gauge sì jẹ́ nǹkan bí 4.5. Ọ̀pọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù wà láàárín 18 sí 14. Ẹni tó ń tà á kì í sọ èyí fún yín àfi tí ẹ bá bi í, nítorí pé ohun tó ń fi hàn yín ni kọ́kọ́rọ́: kọ́kọ́rọ́ oníga mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ irú rẹ̀.

18 gauge ni kọ́bọ́ọ̀dù tèmi. Wọ́n fi ìdè mẹ́rin dè é mọ́ igi inú ògiri, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò mi níbi òde tí a lọ ní alẹ́ Sátidé. Àwọn fọ́léfọ́lé tó wọlé kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ojú kọ́kọ́rọ́. Igun òkè ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ọ̀pá irin bọ̀, wọ́n sì ká irin náà wálẹ̀ títí ọwọ́ fi wọlé. Nígbà tí a dé, ilẹ̀kùn náà ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ oníga mẹ́ta ṣì dì í mú gírígírí, inú rẹ̀ sì ti ṣófo. Ilé iṣẹ́ adójútòfò san díẹ̀ nínú owó rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ilé ló ti fi òpin sí ohun tí wọ́n máa san lórí ìbọn tí olè bá jí. $2,500 ló wọ́pọ̀, bó ti wù kí iye ìbọn náà pọ̀ tó. Ẹ ka tiyín dáadáa. Owó kọ́ ló sì gba oorun lójú mi. Ìbọn tí mo fi orúkọ ara mi rà wà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀, n kò sì mọ ẹni tó máa nà án sí.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wá lára séèfù ni àmì UL, ilé iṣẹ́ tó ń dán ọjà wò, tí wọ́n kọ “Residential Security Container” sí, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní RSC. Kí séèfù tó gba ipele kìíní rẹ̀, ẹnì kan máa fi òòlù, ọ̀pá irin àti dírílì bá a jà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, irin iṣẹ́ kankan kò sì gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 18 lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún lè kéré létí yín, àmọ́ àsìkò tí irin bá wà lára séèfù nìkan ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ti ìsinmi. Ní ipele kejì, èèyàn méjì ló ń ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lókè wọn ni TL-15 wà, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná dán wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, àwọn tó ń ta wúrà ló sábà máa ń rà á.

Ẹ má sì dúró sórí àmì nìkan. Olè kì í wọn ọ̀pá rẹ̀ kó tó jáde nílé, èyí tó sì gùn ju ínṣì 18 lọ ń bẹ ní gbogbo ilé ìtajà irin iṣẹ́. Séèfù 12 gauge máa ń ní àmì RSC. Èmi kò ní rà á bí mo bá lè fi $300 kún owó kí n gbé 10 gauge. Ilẹ̀kùn ló tún yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún: wọ́n á ní ó nípọn tó ínṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí irin inú rẹ̀ má sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn. Gypsum ló kún ìyókù, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe POP sí òkè yàrá nílé ní Nàìjíríà. Gypsum wúlò fún iná, kò wúlò fún ọ̀pá irin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ nípa ara séèfù náà, ẹ tẹ̀ ba níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wo etí ihò tí wọ́n lu sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún bóòtù. Irin tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni irin tí ẹ fẹ́ rà. Ti híńjì tó hàn síta, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, bí irin bá ti wà nínú ilẹ̀kùn tó wọ ara séèfù lápá ibẹ̀. Bí wọ́n gé híńjì dànù, ilẹ̀kùn kò ní ṣí.

Ẹ fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀. Séèfù tó wúwo tó páùn 500, ọkùnrin méjì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù á gbé e lọ. Bí wọn kò bá tilẹ̀ gbé e lọ, bí wọ́n bá ti lè dà á dùbúlẹ̀, ìwúwo ara wọn á kún agbára ọ̀pá. Ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀, kí apá tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí sún mọ́ ògiri, kí ọ̀pá gígùn má ráàyè yí. Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé séèfù wá kì í sọ: ọ̀pọ̀ ilé Houston àti Dallas ni kọnkéré ìsàlẹ̀ wọn ní okùn irin tí wọ́n fà le koko nínú, tí wọ́n ń pè ní post-tension. Bí dírílì bá já okùn kan, ó lè ṣe ẹni tó ń lù ú léṣe, títún ilẹ̀ náà ṣe sì lè ju owó séèfù lọ. Ẹ wo ilẹ̀ gáréèjì, wọ́n sábà máa ń tẹ ìkìlọ̀ rẹ̀ sójú kọnkéré níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ pe ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wo inú kọnkéré kó tó lu ihò kankan. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́ǹtì ilé, ẹ gba àṣẹ onílé. Bí kò bá gbà kí ẹ lu ilẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n lè gbà yín láyè láti dè mọ́ ògiri, ibẹ̀ nìkan ló ti ju séèfù lọ.

Kọ́kọ́rọ́ séèfù: èyí tí a ń yí nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́ra, kò sì mọ bátìrì. Onínọ́ńbà títẹ̀ yá, bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ láti ìta lára ọ̀pọ̀ wọn. Onítẹ̀ka ni n kò lè gbà yín níyànjú láti rà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, CPSC, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, kéde pé kí wọ́n dá nǹkan bí 61,000 àpótí ìbọn onítẹ̀ka padà, torí pé ìka ẹni tí wọn kò fi sínú rẹ̀ lè ṣí i. Ọmọ ọdún 12 kan ti kú nítorí rẹ̀.

Ti iná, iye wákàtí tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé séèfù lè fara da iná, lọ́pọ̀ ìgbà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fúnra rẹ̀ dá a sọ. Ti ọ̀rinrin, Houston kò ṣe é fọwọ́ rọ́: ẹ ra ọ̀pá kékeré oníná tó ń mú inú séèfù gbóná díẹ̀, ìbọn yín kò ní dípẹtà.

Àpótí kékeré dára fún ìbọn tí ẹ fẹ́ kó wà nítòsí ibùsùn lóru, bí ẹ bá fi bóòtù dè é mọ́ nǹkan. Inú ọkọ̀ kì í ṣe ilé ìbọn rárá. Okùn irin tí wọ́n fi ń de àpótí mọ́ ìdí àga, ẹni tó bá ní ohun ìgé irin á gé e láìlàágùn.

Nítorí náà, ẹni tó ní ìbọn ọdẹ kan ṣoṣo, tó rẹ́ǹtì ilé, tí ọmọ kékeré sì wà nílé, kọ́bọ́ọ̀dù 14 gauge tí ẹ dè dáadáa lè tó o fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí àwọn aládùúgbò ti mọ̀ pé ilé rẹ̀ máa ń ṣófo ní alẹ́ Sátidé, kó ra séèfù RSC 10 gauge tó ní kọ́kọ́rọ́ yíyí. Kó mú èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lára, kó sì fi owó ọ̀ṣọ́ ra irin. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Texas kì í gba owó orí ọjà lórí séèfù ìbọn mọ́. Ní Houston, tí owó orí yẹn ti jẹ́ 8.25%, ó ju $120 lọ lórí séèfù $1,500. Bí ìwé owó yín bá ní in, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ tún béèrè bóyá inú ilé ni wọ́n máa gbé e dé, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń já a sí.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e wọlé, ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà sí ibòmíràn yàtọ̀ sí inú séèfù. Bí olè bá jí i, nọ́ńbà yẹn ni ọlọ́pàá máa fi sínú àkọsílẹ̀ NCIC ti FBI, òun náà ni ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mìíràn á fi mọ̀ pé ìbọn yín ni wọ́n rí.