Twin Fantasy ti Car Seat Headrest: ti 2011 ni àbí ti 2018?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi kí àwọn alátakò tó dé: tó bá jẹ́ àwo kan péré lẹ fẹ́ gbọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ Car Seat Headrest, Twin Fantasy ni kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe àwo yẹn, ní 2011 àti ní 2018; ti 2018 ni mò ń wí o, kì í ṣe ti 2011. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ bá mi jà, torí àwọn tó fẹ́ràn ti 2011 yẹn kì í fọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣeré rárá.

Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n, rock ni wọ́n ń ṣe, irú rock tí kò sí owó ńlá ńlá nídìí ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní indie. Ní 2010 tó bẹ̀rẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe báǹdì, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni, Will Toledo, ọmọ Leesburg ní Virginia, Amẹ́ríkà. Òun ló ń ta gìtá, òun ló ń kọrin, òun náà ló ń fi kọ̀ǹpútà to gbogbo ẹ̀ pọ̀ tó tún ń gbé e fúnra ẹ̀ sórí Bandcamp, ìkànnì táwọn olórin ti ń ta orin wọn. Kò fẹ́ kí ará ilé máa gbọ́ ohùn òun, ló bá ń lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò wọn, ibẹ̀ ló ti ń gba ohùn sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti mú orúkọ tó ń lò. Ọgbọ́n yẹn dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ Ìbàdàn ló wà nínú ooru oṣù kẹta, kó tó kọ ẹsẹ kejì á ti yọ́ mọ́ àga, àbí ta ló fẹ́ máa fi epo òde òní tan AC torí pé ó ń kọrin.

Ohun tó fà mí mọ́ ọ̀rọ̀ wọn ni pé tiwa níbí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Níbí, ẹ̀yìn ọ̀gá lèèyàn ti ń kọ́ṣẹ́ kó tó dá dúró. Sunny Adé wà lọ́dọ̀ Moses Ọláìyá, Baba Sálà yẹn gan-an, kó tó ní ẹgbẹ́ tiẹ̀, Ebenezer Obey náà ti bá Fatai Rolling Dollar ṣiṣẹ́ rí. Toledo wá dá ṣe iṣẹ́ tó lé ní mẹ́wàá sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí Matador, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, tó gbà á sọ́dọ̀ ní 2015. Ó ti kó lọ sí apá Seattle nígbà yẹn, ó sì ti ń kó èèyàn jọ: Andrew Katz nídìí dírọ́ọ̀mù, Ethan Ives lórí gìtá, Seth Dalby lórí báàsì. Àwo Teens of Denial tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé báǹdì ti dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ló padà lọ gbé Twin Fantasy, àwo tó ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19, tó ní káwọn tún un ṣe látòkè délẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Èmi tí mo ń ta báàsì lóde àríyá lópin ọ̀sẹ̀, ìdí ìlù ni etí mi kọ́kọ́ ń lọ, ìlù ti 2011 yẹn sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu páànù nínú yàrá kejì. Ohùn Toledo náà há sísàlẹ̀, kó o máa fi gbogbo ara gbọ́ kó o tó mọ nǹkan tó ń wí. Ẹ wá fi Beach Life-in-Death ti 2018 sí i, orin yẹn lé ní ìṣẹ́jú 12 (àwa tá a gbọ́ Obey dàgbà, tí ẹ̀gbẹ́ àwo kan lè jẹ́ orin tó wọnú ara wọn láìdúró, ìyẹn ò lè bà wá lẹ́rù), ó máa sáré, á rọra, á tún gbéra. Ibi tó ti fẹ́ gbéra yẹn, ti 2011 kàn ń pariwo sí i ni, àmọ́ ní 2018 Katz máa kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, báàsì máa dúró tì í, gìtá á wá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì búra pé ẹni tó bá ti ṣe rehearsal rí máa mọ̀ pé èèyàn méjì tó ń wo ojú ara wọn ló lè ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é. Famous Prophets náà gùn sí i gan-an, ó tó ìṣẹ́jú 16, ààyè yẹn sì wúlò.

Àmọ́ sha, ti 2011 ní nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni gbogbo àwo yẹn, ọmọ tí ò tíì pé ogún ọdún ló sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ láéláé. Nínú àwọn orin kúkúrú, ti àtijọ́ ni mo ṣì fẹ́ràn jù. Toledo fúnra ẹ̀ pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan ní 2018, àgbà ti dé, èèyàn á gbọ́ ọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú agbo, àwo Faces from the Masquerade wà, 2023 ló jáde, Brooklyn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn, báàsì Dalby máa pòórá ni. Ẹ má sì dán an wò nínú Micra láti Mókọ́lá lọ sí Òjóò, dẹ́rẹ́fà ti ń gbé Ọ̀ṣùpá sókè, ẹ ò sì ní borí.

Ti 2018, 9 nínú 10. Ti 2011, 7. Àwo The Scholars tí wọ́n gbé jáde ní 2025, tí gbogbo báǹdì jọ kọ, tí orin kan nínú ẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 18, mi ò tíì fún un ní máàkì, apá ìparí ẹ̀ ṣì ń bá mi jà.